Bí Ọkọ Bá Gba Físà, Kí Ni Ti Ìyàwó àti Ọmọ?

    

Ọ̀rọ̀ ìdílé ni mo gbé wá lónìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ Ìlọrà kan, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió wa, ń kọ́ni ní yunifásítì n'Ìbàdàn. Ó kọ̀wé sí òkè òkun, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì mú un: ó ń lọ sí Amẹ́ríkà fún ọdún kan láti ṣe ìwádìí. Ilé dùn, ọ̀nà dùn. Wọ́n pe pásítọ̀, wọ́n pe àlùfáà, wọ́n gbàdúrà fún un. Nígbà tí àlejò túká tán, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Ìbejì, àwa ńkọ́?"

Ìbéèrè ìyá ìbejì yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ni wọn kì í dáhùn rẹ̀ títí tí owó fi ń tán, tí ọkọ fi ń lọ, tí ìyàwó fi ń sunkún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ ni pé físà ìyàwó àti ti ọmọ kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n pè ló fi ń rìn. Bí ẹsẹ̀ ẹni yẹn bá dúró, tiwọn náà dúró. Ẹni tó bá mọ èyí kí ó tó náwó kò ní kábàámọ̀.

Físà tí Amẹ́ríkà ń fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní J-1. Ọdún 1961 ni wọ́n ṣe òfin tó gbé e ró, nígbà ìjọba Ààrẹ John Kennedy, Sẹ́nétọ̀ William Fulbright sì wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Èrò wọn ni pé kí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn wá, kí wọ́n kàwé, kí wọ́n kọ́ni, kí wọ́n kọ́ṣẹ́, kí wọ́n sì padà lọ sílé láti lo ohun tí wọ́n kọ́. Ẹ di gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn mú: kí wọ́n padà lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú òfin tí mo fẹ́ sọ, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Físà J-1 yìí ni àwọn olùkọ́ wa fi bá ètò Fulbright lọ. Òun ni àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ní èdè Yorùbá fún oṣù mẹ́sàn-án gbà. Òun náà ni ọ̀pọ̀ dókítà wa fi lọ kọ́ iṣẹ́ síwájú sí i ní ọsibítù lọ́hùn-ún, ti dókítà sì lè gùn tó ọdún méje. Ará ilé tó bá tẹ̀ lé wọn ni wọ́n ń fún ní J-2. Bó bá jẹ́ ìyàwó ni wọ́n pè, ọkọ ni yóò gba J-2. Kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Àwọn ètò kan wà tí kì í gba ará ilé rárá, irú bí ti àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga tó ń lọ ṣiṣẹ́ nígbà ọlidé, àti ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ bá ìdílé Amẹ́ríkà tọ́jú ọmọ.

Kí n tó lọ jìnnà, mo gbọ́dọ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní lọ́ọ́lọ́ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa lu yín ní jìbìtì. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà gé físà àwa ọmọ Nàìjíríà kúrú: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè fi wọ ìlú wọn, oṣù mẹ́ta sì ni ó ní kí ó tó kú. Oṣù mẹ́ta yẹn kì í ṣe iye ìgbà tí ẹ ó lò lọ́hùn-ún o; ìgbà tí ẹ lè fi wọlé ni. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìkéde kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ìkéde yìí dá físà ìbẹ̀wò, físà akẹ́kọ̀ọ́ àti físà J dúró fún ọmọ Nàìjíríà, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Físà tí ènìyàn ti gbà ṣáájú ọjọ́ náà, wọn kò torí ìkéde yìí gbà á padà.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ti lọ ní ọdún 2025, tí ìyàwó rẹ̀ ń dúró de ìgbà tí ọmọ máa parí sáà ilé-ìwé kí wọ́n tó lọ bá a, ìyàwó yẹn ti há sílé. Ẹni tó fi físà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn wọlé, tó bá sì fẹ́ wá sin ìyá rẹ̀ ní Fìdítì, bí ó bá jáde, físà tuntun ni yóò wá kí ó tó lè padà. Nítorí náà, éjẹ́ńtì tó bá ní òun lè bá yín gba J-2 gba ẹ̀yìnkùlé, ẹ má dá a lóhùn. Ọjọ́ tí òfin bá yí padà, ẹ́ńbásì fúnra rẹ̀ ni yóò kéde, etí gbogbo wa ni yóò gbọ́.

Kí wá nìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ J-2? Àwọn ìdílé wa tó ti wà lọ́hùn-ún ṣì ń gbé lábẹ́ òfin rẹ̀ títí di òní. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ọmọ wa ń lọ náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ìwé tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Ta ni òfin Amẹ́ríkà kà sí ará ilé? Ọkọ tàbí ìyàwó tí òfin mọ̀, àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21, tí kò sì tíì ṣègbéyàwó. Ó tán. Ìyá ọkọ kò sí níbẹ̀. Àbúrò kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí ìyàwó gbé wọlé wà níbẹ̀, bí ìgbéyàwó yín bá ti wáyé kí ọmọ náà tó pé ọdún 18. Ẹni tó fẹ́ ìyàwó méjì, èyí tó kọ́kọ́ fẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ ti ń tọ́ láti kékeré, tó ń pè yín ní Dádì àti Mọ́mì, tí ẹ rán lọ sí Fìdítì Grammar School, tí ẹ sanwó rẹ̀ dé ìdánwò ìparí, kò sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó dun ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí a bá tọ́, ọmọ ẹni ni. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀ bí ọmọ tí ẹ bí, ẹ sá fún un. Irọ́ tí a pa nítorí físà Amẹ́ríkà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ni títí láé, yóò sì kó bá ẹni tí wọ́n pè. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò ru ẹrù irọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwé tó ṣe kókó jù, èyí tí wọ́n ń pè ní DS-2019. Ẹ́ńbásì kọ́ ló ń gbé e jáde. Yunifásítì tàbí àjọ tó pe ènìyàn ni. Orúkọ ẹni yóò wà lórí rẹ̀, ọjọ́ ìbí, ìlú ìbí, ọjọ́ tí ètò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, iye owó tó wà nílẹ̀ àti ẹni tó ń san án. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé ló ní tirẹ̀: bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, ìwé náà jẹ́ márùn-ún, títí kan ti ọmọ tó wà lẹ́yìn. Ọjọ́ tí àjọ náà bá kọ́kọ́ béèrè iye ẹni tó ń bọ̀ ni kí ẹ ti dárúkọ gbogbo yín. Wọn yóò sì fẹ́ rí owó tí ẹ ó fi gbọ́ bùkátà, nítorí pé owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí wọ́n pè lè má kárí ilé.

Ibi tí orúkọ wa ti ń dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Ọmọ kan ń jẹ́ Olúwafúnmiláyọ̀ lórí ìwé ìbí, Fúnmi lórí ìwé ilé-ìwé, orúkọ bàbá àgbà ló sì wà lórí páásípọ́ọ̀tù dípò ti bàbá. Ìwé ìbí ní Fìdítì ni wọ́n bí i, páásípọ́ọ̀tù ní Ọ̀yọ́ ni. Gbogbo Afijió mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kò mọ̀, kò sì sí lára iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀. Ẹ mú kí orúkọ àti ìlú bára mu lórí gbogbo ìwé kí ẹ tó fi ṣọwọ́.

Owó ńkọ́? Owó ìwé físà J jẹ́ dọ́là 185 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí wọn kò bá sì fúnni, owó náà kì í padà. Ẹni tó ń gba J-1 tún ń san dọ́là 220 tí wọ́n ń pè ní SEVIS, bí kì í bá ṣe ìjọba Amẹ́ríkà ló gbé ètò rẹ̀. Àwọn tó ń gba J-2 kì í san èyí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé lójijì ni ínṣọ́ránsì ìlera. Ó di dandan fún gbogbo ilé: ó gbọ́dọ̀ lè san tó dọ́là 100,000 fún àìsàn tàbí ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan, dọ́là 50,000 láti gbé aláìsàn padà sílé, àti dọ́là 25,000 láti gbé òkú wálé bí ti Ọlọ́run bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ní in, àjọ tó pè é gbọ́dọ̀ fòpin sí ètò rẹ̀.

Ẹni tó gba J-2 lè kàwé. Ọmọ lè lọ sí ilé-ìwé ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó tàbí ọkọ lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ débẹ̀ ná, kí ó kọ fọ́ọ̀mù I-765, kí ó sì gba káàdì ìyọ̀ǹda kí ó tó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Òfin tún sọ pé owó iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń bọ́ ẹni tó ní J-1. Nítorí náà, ẹ má fi owó iṣẹ́ tí ìyàwó kò tíì rí ṣe ìṣirò ilé. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n yá owó kóópù, wọ́n ní bí ìyàwó bá dé ibẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ san án. Káàdì náà lè gba oṣù púpọ̀, gbèsè kì í sì í dúró de káàdì.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ọjọ́ tí ètò J-1 bá parí ni J-2 náà parí, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n sì ní láti palẹ̀ mọ́. Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, J-2 tán. Bí ẹni tó ní J-1 bá kú, J-2 tán. Ọmọ tó bá pé ọdún 21, tirẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ, àti fún ẹ̀yin ọkọ tí ẹ fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa tẹ̀ lé ìyàwó: ẹ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ bí wọ́n bá lè fún yín, ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọdún kan.

Gbólóhùn tí mo ní kí ẹ dì mú, pé kí wọ́n padà lọ sílé, wá dé wàyí. Ẹni tí ìjọba fi owó rẹ̀ gbé ètò rẹ̀, àti dókítà tó lọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, gbọ́dọ̀ padà wálé lo ọdún méjì kí ó tó lè gba físà iṣẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní H-1B, tàbí káàdì ìgbélùú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé okùn ọdún méjì yìí so ìyàwó àti ọmọ pọ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó tó ti kàwé nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, tí ọsibítù fẹ́ gbà síṣẹ́, ọdún méjì ọkọ rẹ̀ wà lọ́rùn òun náà. Ọ̀nà wà láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n mójú kúrò níbẹ̀. Fún dókítà, ọ̀kan ni ètò Conrad, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi lè mú dókítà 30 lọ́dún kan kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta níbi tí dókítà ti wọ́n. Ẹni tó ní J-1 ni yóò tọrọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà fún un, ó kárí ará ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe másítáàsì lásán kò lè mú ìyàwó àti ọmọ dání mọ́. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí oyè dókítà ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ìjọba ń san owó rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tó ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá sì lọ lábẹ́ ètò pàṣípààrọ̀ tí ìjọba wọn fọwọ́ sí lè mú ọkọ tàbí ìyàwó àti ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ. Owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì fún ọjọ́ 28 lábẹ́ ètò pàṣípààrọ̀ yìí jẹ́ pọ́n-ùn 1,270 fún ẹni tó ń lọ, 285 fún ìyàwó, 315 fún ọmọ àkọ́kọ́, 200 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Owó ìlera tún wà lọ́tọ̀: pọ́n-ùn 1,035 lọ́dún fún àgbà, 776 fún ọmọdé. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, pọ́n-ùn 4,398 ni owó ìlera nìkan fún ọdún kan. Ní Jámánì, àjọ Humboldt, tó ń pe àwọn olùwádìí wa, máa ń fi owó ìrànwọ́ kún un fún ìyàwó àti ọmọ tó bá tẹ̀ lé wọn. Ẹ béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ tó bá pè yín. Ẹni tí kò béèrè, wọn kì í fún un.

Ṣé dandan ni kí gbogbo ilé lọ pọ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Láàárín ọdún 1950 sí ọdún 1970, ọ̀pọ̀ tọkọtaya Yorùbá lọ kàwé ní London. Ọkọ̀ ojú omi bí Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, ló gbé wọn láti Èkó dé Liverpool. Wọ́n bímọ síbẹ̀. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé. Ọkọ ń kàwé, ìyàwó ń ṣiṣẹ́, òun náà sì ń kàwé. Kò sí ìyá àgbà nítòsí tó máa gbọ́mọ pọ̀n. Ọ̀pọ̀ wọn fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n sì gbé ọmọ fún ìdílé òyìnbó kí wọ́n máa bá wọn tọ́ ọ fún owó. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní London ní ọdún 1967, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e fún ìdílé kan ní Tilbury. Ó dàgbà síbi tí wọ́n ti kórìíra àwọ̀ rẹ̀, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ara rẹ̀. Ó fi ìtàn náà ṣe sinimá tó pè ní Farming, tó jáde ní ọdún 2018.

Àwọn òbí wọ̀nyẹn kì í ṣe ìkà. Wọ́n fẹ́ kàwé padà wálé ni. Físà tàbí ọkọ̀ òkun lè gbé ọmọ débẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bá ni tọ́ ọmọ. Bí ẹ bá máa lọ pọ̀, ẹ mọ ẹni tí yóò wà nílé pẹ̀lú ọmọ. Bí ọmọ bá máa kù sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìlọrà, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ní ọsibítù àti ní ilé-ìwé sílẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé ọdún kan lè di méjì.

Ó wá ku ohun tí ọwọ́ wa ká, tí kò dúró de Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó tí ẹ fẹ́ ní Ìlọrà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ gbé iṣu, oyin, ọbí, orógbó àti ataare kalẹ̀, alága ìjókòó fi orin gba owó lọ́wọ́ yín, gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n yó. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní ọ́fíìsì físà Amẹ́ríkà ní Walter Carrington Crescent ní Victoria Island kò sí níbẹ̀. Ìwé ni yóò wò. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe forúkọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ yín sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ wádìí bóyá ìjọba fún ṣọ́ọ̀ṣì náà láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò pásítọ̀ nìkan kò tó.

Fún ọmọ, òfin ọdún 1992 ti sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan. Àjọ tó ń ka ènìyàn, NPC, ló ń ṣe é. Káàdì tí nọ́ọ̀sì kọ lọ́jọ́ tí ẹ bímọ kì í ṣe ìwé ìbí. Páásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32 ti di ₦100,000 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ìdílé ẹni márùn-ún yóò san ₦500,000 kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan ẹ́ńbásì. Nítorí náà, ẹ má sáré gbà á fún gbogbo ilé nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó pè yín. Ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú: bí ẹ kò tilẹ̀ rìnrìn-àjò láéláé, wọn yóò wúlò fún ogún, fún ilé-ìwé, fún owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, kí ẹ tó fọwọ́ sí lẹ́tà tí wọ́n fi pè yín, ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ yín, ẹ ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: iye oṣù, iye owó, ta ni ó kárí, ṣé okùn ọdún méjì wà níbẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ara yín. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ tí ẹ kò tíì gba ìwé ìbí rẹ̀, ẹ lọ gbà á lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ara yín tí kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ yín, ẹ jọ lọ sí Jọ́bẹ̀lẹ̀.